Orí Keje: Owó Fàdákà Àtijọ́: Bí A Ṣe Ń Dá A Mọ̀ àti Bí A Ṣe Ń Díye Lé E

Èròǹgbà orí yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, yóò lè:

1. sọ bí owó fàdákà ṣe dé ilẹ̀ Èkìtì, àti ìdí tí fàdákà fi kúrò nínú ṣílè ní 1920;
2. ka ojú, ẹ̀yìn àti etí ẹyọ owó kan, kí ó sì sọ ọba tó wà lórí rẹ̀, ọdún rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti rọ ọ́;
3. fi òṣùwọ̀n àti omi mọ fàdákà yàtọ̀ sí idẹ;
4. ṣírò fàdákà tó wà nínú ẹyọ owó kan;
5. ṣàlàyé ìdí tí owó méjì tó jọra fi lè ní iye tó jìnnà síra;
6. sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe bí ẹnikẹ́ni bá hú owó àtijọ́ jáde nínú ilẹ̀.

7.1 Àwọn ọ̀rọ̀ tó yẹ ká mọ̀

Ojú owó ni ẹ̀gbẹ́ tí orúkọ tàbí àwòrán ọba wà. Ẹ̀yìn owó ni ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí orúkọ ilẹ̀ tàbí iye owó máa ń wà. Etí owó ni àyíká rẹ̀ tí ìka máa ń kàn bí a bá dì í mú.

Ilé ìrọwó ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán sára irin kí ó tó di owó. Àmì ilé ìrọwó ni lẹ́tà kékeré tí ilé iṣẹ́ náà fi sára owó láti fi mọ iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀.

Àdàlù ni irin méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a yọ́ pọ̀ di ọ̀kan. Ìdá fàdákà ni iye fàdákà tó wà nínú ẹgbẹ̀rún ìdá àdàlù náà. Bí a bá ní ìdá fàdákà owó kan jẹ́ 925, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú gíráàmù 1,000 irin rẹ̀, gíráàmù 925 ni fàdákà. Bàbà ló sábà máa ń jẹ́ ìyókù.

Iye àkọlé ni iye tí ìjọba kọ sára owó. Iye irin ni iye tí irin inú rẹ̀ yóò mú wá bí a bá yọ́ ọ. Iye ọjà ni ohun tí àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ ṣe tán láti san lé e.

Ayédèrú ni owó tí ẹni tí kò ní àṣẹ rọ láti fi tan ará ìlú tàbí olùrà jẹ.

7.2 Bí fàdákà ṣe dé Èkìtì àti bí ó ṣe lọ

Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná ní ọjà Ìkọ̀lé, Ọyẹ́, Ìdó àti àwọn ìlú tó yí wọn ká kí owó òyìnbó tó gbòde. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn, ìyẹn 2,000 ẹyọ, ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá, ìyẹn 20,000, ni ọ̀kẹ́ kan. Ẹni tó fẹ́ ra ọjà ńlá ní láti wá alárù tí yóò ru owó rẹ̀.

Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ìwé àdéhùn àlàáfíà dé ní 1886, àwọn ọmọ ogun sì tú ká pátápátá ní 1893. Ọ̀nà oko àti ti òwò là lẹ́yìn ìyẹn. Ní 1894 ni wọ́n dá Bank of British West Africa sílẹ̀. Ilé ìfowópamọ́ yìí ló ń kó owó fàdákà láti London wá sí Èkó, àwọn oníṣòwò sì ń gbé e wọ inú ilẹ̀. Owó Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni owó fàdákà ìgbà náà, kò sí orúkọ ilẹ̀ Áfíríkà kankan lára rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá rí ṣílè Ọbabìnrin Victoria tàbí ti Ọba Edward VII nínú àpótí àgbàlagbà kan ní Ìkọ̀lé, kò yẹ kó yani lẹ́nu.

Ní 1912 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Ìgbìmọ̀ Owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, pẹ̀lú ọ́fíìsì rẹ̀ ní London. Owó fàdákà àkọ́kọ́ tí ìgbìmọ̀ náà gbé jáde ní ọdún 1913 lára. Nàìjíríà, Gold Coast tó di Gánà lónìí, Sẹria Líónì àti Gáńbíà ni wọ́n ti ń ná an. Oríṣi mẹ́rin ló jẹ́ fàdákà: tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì. Ìdá fàdákà wọn jẹ́ 925. Kọ́bọ̀, ẹ́pìnnì àti onínì kò ní fàdákà. Ihò wà láàrin wọn, wọ́n sì ṣeé sín sórí okùn bíi ti owó ẹyọ.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní (1914–1918) àti lẹ́yìn rẹ̀, fàdákà gbówó lórí káàkiri ayé. Nígbà tó fi máa di 1919 sí 1920, fàdákà inú ṣílè kan ti níye lórí ju ṣílè náà lọ. Ẹni tó bá yọ́ owó náà jèrè ju ẹni tó ná an lọ. Ìgbìmọ̀ náà bá yí irin padà. Ní 1920 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì.

Ọdún 1920 yìí gba àkíyèsí. Nínú owó tí ó ní 1920 lára, àwọn kan jẹ́ fàdákà 925, àwọn kan jẹ́ fàdákà 500, àwọn mìíràn sì jẹ́ idẹ pátápátá. Bí a bá rí 1920 lára owó, ọdún náà nìkan kò tó láti sọ irin tó jẹ́.

Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1, oṣù Keje, 1959, Nàìjíríà sì ní owó tirẹ̀ lọ́dún náà. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kínní, 1973, náírà rọ́pò pọ́n-ùn: ṣílè mẹ́wàá di náírà kan.

7.3 Kíka ara owó

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni a ń gbà ka ara owó. A kò gbọdọ̀ fo ọ̀kankan, a kò sì gbọdọ̀ dárúkọ iye kí a tó parí wọn.

7.3.1 Ojú owó. Ọba George V jẹ láti 1910 sí 1936, George VI láti 1936 sí 1952. Èdè Látìn ni wọ́n fi kọ orúkọ wọn, V ló sì dúró fún U: GEORGIVS. REX túmọ̀ sí ọba. IND IMP ń sọ pé ọba náà ló jọba lórí Íńdíà pẹ̀lú. Íńdíà gba òmìnira ní 1947. Nígbà tó di 1949, àkọlé náà ti kúrò lára owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bí ọdún bá ti pa rẹ́ lára owó George VI, àkọlé yìí lè jẹ́ ká mọ̀ bóyá ṣáájú 1949 ni wọ́n rọ ọ́.

7.3.2 Ẹ̀yìn owó. Igi ọ̀pẹ ló wà lẹ́yìn ṣílè àti ṣílè méjì, pẹ̀lú orúkọ BRITISH WEST AFRICA àti ọdún. Lẹ́yìn tọ́rọ́ àti sísì, ewé ló yí iye owó ká.

7.3.3 Àmì ilé ìrọwó. Lẹ́tà kékeré ni, ojú lásán sì lè fò ó. Awò tó ń mú nǹkan tóbi ni kí a lò. H dúró fún ilé ìrọwó Heaton ní Birmingham. KN dúró fún King's Norton, tó wà ní ìlú kan náà. Bí kò bá sí lẹ́tà, ilé ìrọwó ọba ní London ló sábà máa ń jẹ́. Owó méjì tí ọdún wọn jẹ́ ọ̀kan lè yàtọ̀ ní àmì, kí ọ̀kan sì ṣọ̀wọ́n ju èkejì lọ.

7.3.4 Etí owó. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló yí etí owó fàdákà ká. Bí ìlà náà bá parẹ́ ní apá kan, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti rẹ́ irin níbẹ̀. Bí ìlà kan bá gùn yí àárín etí ká bí ojú ibi tí wọ́n ti so nǹkan méjì pọ̀, ayédèrú tí wọ́n dà sínú àwòṣe ni kí a fura sí.

Ìfiwéra: fàdákà Róòmù. Ìgbésẹ̀ kan náà ni àwọn onímọ̀ ń gbà ka denarius, owó fàdákà tí Róòmù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ní nǹkan bí ọdún 211 ṣáájú ìbí Jésù. Kò sí òǹkà ọdún lára rẹ̀ bíi ti ṣílè. Lára èyí tó jáde nígbà àwọn ọba Róòmù, orúkọ ọba àti oyè rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ìgbà tó jáde. TR P jẹ́ àmì àṣẹ kan tí wọ́n ń tún fún ọba lọ́dọọdún. Òǹkà tó bá tẹ̀ lé e ló ń sọ iye ọdún tó ti ní àṣẹ náà. Róòmù pẹ̀lú dín fàdákà kù. Ọba Nero bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 64 lẹ́yìn ìbí Jésù. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 270, fàdákà tó wà nínú owó tí wọ́n ń pè ní fàdákà kò tó ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.

7.4 Wíwọn owó

Òṣùwọ̀n tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò, tó ń ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù, ni a nílò. Àtẹ yìí fi ìwọ̀n owó fàdákà 925 hàn nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun.

| Owó | Ìwọ̀n (gíráàmù) | Fàdákà inú rẹ̀ (gíráàmù) |
|---|---|---|
| Tọ́rọ́ | 1.41 | 1.30 |
| Sísì | 2.83 | 2.62 |
| Ṣílè | 5.65 | 5.23 |
| Ṣílè méjì | 11.31 | 10.46 |

Tọ́rọ́ méjì wọ̀n tó sísì kan, sísì méjì tó ṣílè kan, ṣílè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì tó ẹyọ ṣílè méjì kan. Owó tó ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá yóò fúyẹ́ díẹ̀ ju ohun tó wà nínú àtẹ lọ. Bí ó bá wúwo jù ú lọ, tàbí tó fúyẹ́ jù ú lọ jìnnà, a ní láti túbọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìwọ̀n nìkan kò tó, nítorí ṣílè idẹ àti ṣílè fàdákà sún mọ́ra ní ìwọ̀n àti ní fífẹ̀. Àwọ̀ pẹ̀lú ń tanni jẹ: fàdákà tó ti pẹ́ máa ń dúdú, èérí sì lè bo pípọ́n idẹ mọ́lẹ̀. Irinṣẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, torí kò gbé fàdákà, kò sì gbé idẹ. Ayédèrú tí wọ́n fi irin dúdú ṣe nìkan ló máa ń tú fó.

7.5 Ìdánwò inú omi

Bí fàdákà àti idẹ bá gba àyè kan náà, fàdákà ló wúwo jù. Òtítọ́ yìí ni ìdánwò inú omi dúró lé.

1. Wọn owó náà ní gbígbẹ, kí o sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀.
2. Gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n, kí o sì dá òǹkà rẹ̀ padà sí òdo.
3. Fi òwú tín-ínrín so owó náà. Sọ ọ́ kalẹ̀ títí omi yóò fi bò ó mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kó kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ife.
4. Ka òǹkà tó bá jáde lórí òṣùwọ̀n.
5. Fi òǹkà yìí pín ìwọ̀n gbígbẹ.

Àbájáde fàdákà 925 máa ń wà ní àyíká 10.3, ti idẹ ní àyíká 8.5.

Àpẹẹrẹ 1. Ṣílè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jáde nínú àpótí kan ní Ìkọ̀lé. Ọdún 1917 ló wà lára àkọ́kọ́, 1920 lára èkejì.

*Ṣílè 1917:* ìwọ̀n gbígbẹ 5.52, òǹkà inú omi 0.53. 5.52 ÷ 0.53 = 10.4. Fàdákà ni.

*Ṣílè 1920:* ìwọ̀n gbígbẹ 5.60, òǹkà inú omi 0.65. 5.60 ÷ 0.65 = 8.6. Idẹ ni.

Ṣílè 1920 yìí wúwo ju ti 1917 lọ lórí òṣùwọ̀n, síbẹ̀ kò sí fàdákà nínú rẹ̀.

7.6 Dídíye lé owó

7.6.1 Iye àkọlé. Ṣílè BRITISH WEST AFRICA kò ṣeé ná mọ́. Iye àkọlé rẹ̀ kò sọ ohunkóhun nípa iye rẹ̀ lónìí.

7.6.2 Iye irin. Ìlànà ìṣirò rẹ̀ nìyí:

Iye irin = ìwọ̀n owó × (ìdá fàdákà ÷ 1,000) × iye gíráàmù fàdákà kan lónìí

Àpẹẹrẹ 2. Ṣílè 1917 inú Àpẹẹrẹ 1 wọn 5.52. 5.52 × 0.925 = gíráàmù 5.11 fàdákà. Ká fi ₦1,000 ṣe iye gíráàmù kan, fún ìṣirò yìí nìkan: iye irin rẹ̀ yóò jẹ́ ₦5,110. Iye fàdákà gidi ń yí padà lójoojúmọ́ ní ọjà àgbáyé, nínú dọ́là, fún ìwọ̀n tó jẹ́ gíráàmù 31.1. Ẹni tó bá fẹ́ ṣírò ní láti kọ́kọ́ wá iye ọjọ́ náà, kí ó pín in sí 31.1, kí ó sì sọ ọ́ di náírà.

Iye irin ni ìpìlẹ̀. Ẹni tó bá ta owó fàdákà ní iye tó kéré sí i ti pàdánù.

7.6.3 Iye ọjà. Ohun mẹ́ta ló ń gbé iye ọjà ga ju iye irin lọ.

*Ipò ara owó.* A lè pín in sí mẹ́rin: (a) ọ̀tun, tí gbogbo àwòrán rẹ̀ ṣì gún régé tí kò sì hàn pé a ná an, (b) lílò díẹ̀, tí ibi tó ga jù lára àwòrán ti ń tẹ́, (d) lílò púpọ̀, tí irun ọba àti imọ̀ ọ̀pẹ ti parẹ́ ṣùgbọ́n tí lẹ́tà ṣì ṣeé kà, (e) gbígbó, tí ọdún tàbí orúkọ kò hàn mọ́. Owó tí wọ́n lu láti fi ṣe ẹ̀gbà ọrùn, tàbí tí wọ́n jó ìkọ́ mọ́, máa ń pàdánù púpọ̀ nínú iye ọjà rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye irin rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀.

*Ìṣọ̀wọ́n.* Ìwé àkójọ àwọn olùkójọ owó máa ń kọ iye tí ilé ìrọwó kọ̀ọ̀kan rọ lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n rọ yàtọ̀ sí iye tó ṣẹ́ kù. Fàdákà tí wọ́n yọ́ nígbà tó gbówó lórí kò lè padà wá.

*Iye àwọn tó ń wá a.* Ohun tó ṣọ̀wọ́n tí ẹnikẹ́ni kò wá kò lówó lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ orí kò tó. Denarius tó ti lé ní 1,800 ọdún lè rọjú ju owó ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, torí pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ń jáde láti inú ilẹ̀ Yúróòpù.

Àpẹẹrẹ 3. Edward VIII jẹ ọba fún oṣù díẹ̀ péré ní 1936, ó sì fi oyè sílẹ̀ kí wọ́n tó dé e ládé. Kọ́bọ̀, ẹ́pìnnì àti onínì tí orúkọ rẹ̀ wà lára wọn jáde ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dún náà, nítorí owó oníhò kò nílò àwòrán orí ọba. Ìtàn owó náà ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ẹyọ rẹ̀ pọ̀, kò sì sí fàdákà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a kò fi ń fi ìtàn nìkan díye lé owó.

7.7 Ayédèrú àti àwọn ohun tó ń tanni jẹ

Lẹ́yìn tí idẹ rọ́pò fàdákà, rírọ ayédèrú rọrùn sí i, nítorí idẹ kò wọ́n, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sì mọ bí wọ́n ṣe ń yọ́ ọ. Ó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá láàrin 1920 àti 1940, pàápàá jù lọ ní agbègbè Ìjẹ̀bú. Àwọn àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni ihò wínníwínní lára irin, lẹ́tà tí kò mú, ìwọ̀n tó yẹ̀, àti etí tó ní ojú ìsopọ̀.

Ọdún tó wà lára owó pẹ̀lú lè tanni jẹ. Owó fàdákà ńlá Maria Theresa ti ilẹ̀ Austria, tí wọ́n ná káàkiri ẹ̀bá aṣálẹ̀ Sàhárà dé àríwá Nàìjíríà, ní 1780 lára. Ọdún náà ni ọbabìnrin náà kú, ṣùgbọ́n wọ́n ń rọ owó náà lọ pẹ̀lú 1780 lára rẹ̀ títí di òde òní. Ìdá fàdákà rẹ̀ jẹ́ 833, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 28.07.

7.8 Ìtọ́jú àti òfin

A kì í fi eérú, yanrìn, ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí kànrìnkàn onírin fọ owó àtijọ́. Gbogbo wọn ló ń ba ojú irin jẹ́, ohun tó bá sì ti bàjẹ́ kò ṣeé dá padà. Omi tó mọ́ àti aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó láti mú ẹrẹ̀ kúrò. Etí owó ni kí a máa dì mú, nítorí òógùn ọwọ́ ń ba ojú rẹ̀ jẹ́.

Owó tó wà nínú àpótí yàtọ̀ sí èyí tó jáde nínú ilẹ̀. Bí àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní Ọyẹ́ bá kan ìkòkò owó, ibi tí ìkòkò náà wà, bí ó ṣe jìn tó àti ohun tó yí i ká jẹ́ ẹ̀rí fún àwọn awalẹ̀pìtàn. Bí ọdún owó tó sún mọ́ òde òní jù nínú ìkòkò náà bá jẹ́ 1917, a mọ̀ pé wọn kò lè ti rì í mọ́lẹ̀ ṣáájú 1917. A kò lè ti ara rẹ̀ mọ iye ọdún tó kọjá lẹ́yìn náà. Bí wọ́n bá ti pín owó náà láàrin ara wọn, ẹ̀rí yìí ti sọnù.

Òfin 77 ti ọdún 1979 ló fi ìdí àjọ tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà múlẹ̀. Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó bá jáde nínú ilẹ̀ gbọ́dọ̀ di mímọ̀ fún àjọ náà, a kò sì gbọdọ̀ kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ.

Àkópọ̀

- Owó fàdákà rọ́pò owó ẹyọ ní Èkìtì. Owó Ìgbìmọ̀ ti 1912 bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1913 pẹ̀lú ìdá fàdákà 925.
- Ní 1920, idẹ rọ́pò fàdákà nítorí irin inú owó ti níye lórí ju àkọlé rẹ̀ lọ.
- Ojú, ẹ̀yìn, àmì ilé ìrọwó àti etí ni a ń kà kí a tó wọn owó.
- Ìwọ̀n nìkan kò ya fàdákà sọ́tọ̀ kúrò lára idẹ. Ìdánwò inú omi ló ń yà á.
- Iye irin ni ìpìlẹ̀. Ipò ara owó, ìṣọ̀wọ́n àti iye àwọn tó ń wá a ló ń gbé iye ọjà lé e lórí.
- Ọjọ́ orí nìkan tàbí ìtàn nìkan kò sọ iye owó.
- Owó inú ilẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Ibi tí ó wà ṣe pàtàkì bí owó náà fúnra rẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

*Apá A: Ìdáhùn kúkúrú*

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin iye àkọlé, iye irin àti iye ọjà?
2. Owó ẹyọ mélòó ló wà nínú ọ̀kẹ́ mẹ́ta?
3. Kí ni lẹ́tà H àti KN ń sọ fún wa lára owó?
4. Kí ló dé tí ọdún 1920 lára ṣílè kò fi tó láti sọ irin tó jẹ́?

*Apá B: Ìṣirò*

5. Ẹyọ ṣílè méjì ti 1916 wọn gíráàmù 11.10. Gíráàmù fàdákà mélòó ló wà nínú rẹ̀?
6. Sísì kan wọn 2.75 ní gbígbẹ. Òǹkà inú omi jẹ́ 0.32. Irin wo ni? Fi iṣẹ́ hàn.
7. Tọ́rọ́ mẹ́rin àti ṣílè kan, fàdákà 925 ni gbogbo wọn, tuntun sì ni wọ́n. Lo àtẹ 7.4 láti fi ìwọ̀n wọn wéra. Kí ni o ṣàkíyèsí?

*Apá D: Àlàyé*

8. Olówò kan ní Ìdó sọ pé kọ́bọ̀ Edward VIII òun gbọ́dọ̀ wọ́n ju ṣílè fàdákà 1913 lọ, torí ọba náà kò pẹ́ lórí oyè. Fi ohun tó wà ní 7.6 yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò.
9. Ṣàlàyé ohun tó mú Róòmù àti Ìgbìmọ̀ Owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọra ní ti irin owó, àti ìyàtọ̀ kan nínú bí a ṣe ń mọ ọdún owó àwọn méjèèjì.

*Apá E: Iṣẹ́ àṣetiléwá*

10. Béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kan ní àdúgbò rẹ bóyá ó ní owó àtijọ́. Pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀, ya àwòrán ojú àti ẹ̀yìn ẹyọ kan, wọ̀n ọ́n, kí o sì kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ 7.3 sí 7.5. Má ṣe fọ owó náà.